Bí a ṣe ń fi kámẹ́rà tún ìlú ẹni rí

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò, onílé gan-an ni òwe yìí ń bá wí. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú á máa wòkè wolẹ̀, kámẹ́rà ò ní í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ á máa kọjá lára ògiri kan náà láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ bi í pé àwọ̀ wo ni fèrèsé tó wà lára ògiri yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Àmọ́ ohun kan wà tí onílé ní tí àlejò ò ní: ó lè padà síbẹ̀ lọ́la, ó lè padà lọ́tùn-únla, ó sì lè sáré jáde nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lójú tèmi, àtúnlọ yìí ló ń mú fọ́tò tó dáa wá, ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Fọ́tò tí kámẹ́rà yà tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà lónìí, ojú fèrèsé ilé ẹni tó yà á ló ti yà á. Joseph Nicéphore Niépce ló yà á nílẹ̀ Faransé ní ọdún 1826 tàbí 1827, òrùlé àti àgbàlá tó ń wò lójoojúmọ́ ló kọjú kámẹ́rà sí. Ẹ rí i pé a kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́.

1. Ẹ pààlà sí ibi tí ẹ máa rìn

Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn yípo láàárín wákàtí kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ kí ẹ tó dé, ọjọ́ ìsinmi nìkan lẹ máa ráyè lọ, ìmọ́lẹ̀ tó dáa kì í sì í dúró de ọjọ́ ìsinmi. Ó dára kí ọ̀nà náà ní ibi gíga kan tí ẹ ti lè wo ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ àtẹ̀gùn tàbí afárá, kó sì ní ibi tí omi ń ṣàn tàbí tó máa ń dúró sí. Bí odò ò bá sí, kòtò tó ń gba omi òjò ti tó.

Ìrìn àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ṣe. Ẹ fi fóònù yàwòrán ibi tó bá wù yín, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ògiri yìí kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ ni tirẹ̀, wáyà iná kọjá níwájú ilé yìí, àyàfi kéèyàn dúró sísàlẹ̀, igi yìí á bo ohun gbogbo bó bá rúwé. Ìwé kékeré yìí ni ẹ ó máa ṣí wò nígbàkigbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà.

2. Ohun èlò

Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín ti tó. Bó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ojú lẹ́ńsì rẹ̀. Mi ò fi ṣàwàdà o. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń dá lẹ́bi pé fọ́tò rẹ̀ ṣe bàìbàì, ọ̀rá ìka ló wà lójú lẹ́ńsì. Ẹ má sì fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú kọjá ibi tí lẹ́ńsì fóònù yín lè dé, torí gígé ni fóònù ń gé e, kò sún mọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sún mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà tó ń gba lẹ́ńsì oríṣiríṣi, ẹ mú ẹyọ kan jáde, kí ẹ fi ìyókù sílé. Lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù àtijọ́), lẹ́ńsì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 35mm tàbí 50mm á ṣe é. Bí ẹ bá lo lẹ́ńsì kan fún ìgbà pípẹ́, ojú yín á ti mọ ohun tó máa wọnú àwòrán kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú. Àwọn tó ń ra lẹ́ńsì lóṣooṣù ni mo sábà ń rí tí wọn ò ní fọ́tò àdúgbò ara wọn kankan láti fi hàn.

3. Ẹ mọ ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀

Bí oòrùn bá rẹlẹ̀, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa pọ̀ gan-an. Afẹ́fẹ́ yìí á tú àwọ̀ búlúù ká sójú ọ̀run, ìyeyè àti pupa ló máa ṣẹ́ kù. Ìyẹn ló ń sọ ilé di wúrà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ ń jáde nírú àkókò yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wá, gbogbo ohun tó bá sì ga díẹ̀ lára nǹkan ló máa ju òjìji sílẹ̀.

Ẹ wo ògiri kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Lọ́sàn-án gangan, àbàwọ́n lásán ló jọ. Ẹ padà síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kọjá: etí ọ̀dà kọ̀ọ̀kan tó ká sókè á ní òjìji tín-ín-rín tirẹ̀, ọ̀dà àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ á yọjú, ihò ìṣó tí wọ́n fi gbé nǹkan kọ́ nígbà kan á hàn. Nígbà míì, ẹ ó rí i tí lẹ́tà ńláńlá ń jáde bọ̀ láti abẹ́ ọ̀dà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ìdí tó fi ń hàn ni pé lẹ́tà náà nípọn ju ibi tó yí i ká lọ, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló sì ń fi ìpọn nǹkan hàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ní. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ògiri náà á tún padà sí ògiri.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe kù sí kí oòrùn wọ̀, ẹ na apá yín tán, kí ẹ tẹ́ ìka yín ní ìbú, kí ẹ máa fi ìka lé ìka láti ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé títí dé abẹ́ oòrùn. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀. Ìbú ìka kan tó nǹkan bíi 2°, oòrùn sì ń rin 15° ní wákàtí kan. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn ti ń já bọ́ ní tààrà, ìka kan jẹ́ bí ìṣẹ́jú 8. Ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà náà, ìdàgẹ̀rẹ̀ ló ń gbà wọ̀, ìka kan lè tó ìṣẹ́jú 12 tàbí 15.

Oòrùn wọ̀ tán, àwọn èèyàn á máa kẹ́rù wọn. Ẹ dúró. Títí oòrùn yóò fi lọ sí bíi 6° nísàlẹ̀ ilẹ̀, ojú ọ̀run á di búlúù tó jinlẹ̀, iná fèrèsé àti iná òpópónà á ti tàn, agbára àwọn méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àsìkò yìí ni ilé tó ní iná nínú máa ń dùn ún yà jù, torí kámẹ́rà á rí inú àti ìta pọ̀. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, kì í ju ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ, nítorí náà ẹ ti yan ibi tí ẹ máa dúró sí ṣáájú.

Ọjọ́ tí ìkuukùu bo ojú ọ̀run kì í ṣe ọjọ́ ìjókòó sílé. Ìgbà yẹn ni ojú èèyàn, ewé àti aláwọ̀ mèremère dára jù ní yíyà, kí ẹ ṣáà ti gé ojú ọ̀run funfun náà kúrò nínú àwòrán. Ọ̀sán gangan ló le jù. Ẹ wá abẹ́ ìbòòji tó ṣí sílẹ̀, tàbí kí ẹ ya òjìji fúnra rẹ̀ ní dúdú àti funfun.

Lẹ́yìn òjò, ẹ sáré. Ẹ wá ibi tí omi dá ròdò sí lójú ọ̀nà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ yí fóònù lódìkejì kí lẹ́ńsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Omi tí kò ju àwo oúnjẹ lọ á gba odindi ilé alájà mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé fóònù sókè díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilé náà á pòórá, òkúta àti ẹrẹ̀ lẹ ó máa rí.

4. Ṣíṣe ètò kámẹ́rà

Èyí ò gùn. Lórí fóònù, ẹ tan ìlà tó ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án kí ilé má baà máa dagun. Ẹ fọwọ́ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ dì í mú títí fóònù fi máa tì í pa, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé gbé sókè nílé. Ibi tó ti funfun kọjá ààlà ò ní ohunkóhun nínú mọ́.

Lórí kámẹ́rà, f/8 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) ti tó fún ọ̀pọ̀ ilé àti ojú pópó. Kí ìyára shutter, ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, má dín ju ìdá kan lórí gígùn lẹ́ńsì lọ: bí lẹ́ńsì bá jẹ́ 50mm, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1/50 ìṣẹ́jú àáyá bó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi dì í mú. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, ẹ gbé ISO (nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) sókè láìbẹ̀rù. Fọ́tò tó ní hóró-hóró sàn ju èyí tó mì lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán ara yín wò láìgbára lé ẹ̀rọ, nínú oòrùn gangan, f/16 ni, pẹ̀lú ìyára tó jẹ́ ìdá kan lórí ISO: ISO 100, 1/100, ISO 200, 1/200.

5. Ẹ dúró sójú kan

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni ká máa sáré tẹ̀ lé nǹkan tó ń lọ. Ẹ yan ẹ̀yìn àwòrán ná: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti là dé ilẹ̀ láàárín ilé méjì, ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn, ògiri aláwọ̀ kan. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán bóyá garawa ìdalẹ̀sí tàbí ìdajì ọkọ̀ kan ń yọjú. Ẹ tún un tò, kí ẹ wá dúró. Ẹnì kan á kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn á ti fojú fo yín, ajá á jáde, ọmọdé á sáré gba inú ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá, ẹ̀yin á kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

Josef Sudek, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Czech tí ogun gba apá ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀, gba ojú fèrèsé ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Prague ya fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ̀rẹ̀ láti 1940. Igi kan wà níta, òógùn afẹ́fẹ́ wà lára gíláàsì, nígbà míì yìnyín bò ó. Fèrèsé kan náà ni, fọ́tò méjì ò sì jọra.

Ẹ lè yí i padà: kámẹ́rà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, shutter kó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ohun tó dúró á hàn, ohun tó ń rìn á pòórá. Ní 1838, Louis Daguerre ya òpópónà kan tí ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀ ní Paris, ó sì jáde bí ìlú tí wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀, àfi ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n bá a nu bàtà rẹ̀. Bí ọjà tàbí ibùdókọ̀ bá wà lọ́nà yín, ẹ dán an wò. Ẹ ó mọ ẹni tó ń dúró níbẹ̀ lóòótọ́.

6. Ẹ kó ẹ̀yà kan jọ

Ẹ mú ohun kékeré kan, kí ẹ máa yà á níbikíbi tí ẹ bá ti bá a pàdé, láti ọ̀gangan kan náà, pẹ̀lú lẹ́ńsì kan náà: ìlẹ̀kùn, àga ìta, nọ́ńbà ara ilé, ọwọ́ ìkọ̀wé ara pátákó. Eugène Atget fi ọgbọ̀n ọdún ya ìlẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, àgbàlá àti iwájú ṣọ́ọ̀bù Paris títí tó fi kú ní 1927. Ní 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn orí ló sì ti ya púpọ̀ nínú wọn. Ẹyọ kan nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè má jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ tò wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ọwọ́ káfíńtà kan náà lára ìlẹ̀kùn òpópónà mẹ́ta.

7. Ẹ wá ibi tí ayàwòrán àtijọ́ dúró sí

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Ẹ wá fọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n yà ládùúgbò yín, nínú àpótí ìwé ẹbí, nílé ìkàwé tàbí lára káàdì ìkíni àtijọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kó tóbi dáadáa. Ojú fóònù kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Góńgó wa ni láti dúró síbi tí ẹni yẹn dúró sí gan-an.

Ẹ wá nǹkan méjì tí kò tíì kúrò níbẹ̀, kí ọ̀kan wà nítòsí, kí èkejì jìnnà. Ká ní nínú fọ́tò àtijọ́, ṣóńṣó ilé gogoro kan tó jìnnà yọ ní apá ọ̀tún etí òrùlé kan tó wà nítòsí, díẹ̀ báyìí ló sì fi wọ́n sílẹ̀ síra wọn. Níbi tí ẹ dúró sí, òrùlé ti bo gogoro náà pátápátá. Bí ẹ bá sún sọ́tùn-ún, ohun tó wà nítòsí á máa sún sósì ju ohun tó jìnnà lọ. Nítorí náà, ẹ máa sún sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí gogoro á fi yọ bó ṣe yọ nínú fọ́tò. Ìlà kan lẹ ti rí yẹn: orí ìlà náà níbì kan ni ẹni yẹn dúró sí. Ẹ tún wá nǹkan méjì mìíràn lápá kejì àwòrán, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ibi tí ìlà méjèèjì ti kọjá lórí ara wọn ni ibẹ̀.

Ó ku gíga. Bí fọ́tò àtijọ́ bá ń fi ohun tó pọ̀ hàn lókè ọgbà ju èyí tí ẹ̀yin ń rí lọ, orí nǹkan lẹni yẹn dúró sí, bóyá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ má gbìyànjú láti fi lẹ́ńsì tún èyíkéyìí nínú èyí ṣe. Bí lẹ́ńsì ṣe gùn tó ló ń sọ ibi tí etí àwòrán máa dé. Bí àwọn nǹkan ṣe tò tẹ̀ léra, ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Òjìji inú fọ́tò náà á sọ àkókò fún yín: apá ibi tó nà sí ń sọ bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́, gígùn rẹ̀ ń sọ bí oòrùn ṣe ga tó.

Ẹ ya tiyín, kí ẹ tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí adùn wà nìyí. Ẹ lè rí i pé àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ilé kan nígbà yẹn, ó wá ku ẹyọ kan báyìí, nítorí títì tí wọ́n ń da ọ̀dà tuntun lé lórí ti gbé ìyókù mì. Ẹ lè rí i pé igi ńlá tí gbogbo ayé gbà pé ó ti wà látìbẹ̀rẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ fi hàn àgbàlagbà àdúgbò kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

8. Òṣùpá lẹ́yìn ilé

Òṣùpá ń yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó kún, ó ń yọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ jáde, torí á ti yọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìmọ́lẹ̀ á ṣì wà lára ilé. Bí ẹ bá fẹ́ kó tóbi lẹ́yìn ilé, ẹ jìnnà sí ilé náà, kí ẹ lo lẹ́ńsì gígùn. Ìbú òṣùpá lójú ọ̀run ò ju nǹkan bí ìdajì 1° lọ. Ilé tó ga ní mítà 10 á bá a dọ́gba bí ẹ bá dúró ní nǹkan bíi mítà 1,150 sí i. Oòrùn ló ń tànmọ́lẹ̀ sára òṣùpá, nítorí náà bíi ti ọ̀sán lẹ ó ṣe é: f/11, ìdá kan lórí ISO. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, àwo funfun ló máa fún yín. Ẹ mú ẹnì kan dání bó bá di òru.

9. Àwọn èèyàn inú fọ́tò

Òfin yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ẹ wádìí tiyín, pàápàá nípa ilé ìjọba, àgọ́ ọlọ́pàá, ọgbà ológun àti ọmọdé. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ máa pàdé àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ́la. Ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí ẹnì kan bá ní òun ò fẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbà, ẹ tẹ fọ́tò náà síwèé, kí ẹ mú un lọ bá a. Mi ò tíì rí ohun tó ń ṣílẹ̀kùn ládùúgbò tó ìwé yẹn: láti ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á ti ní kí ẹ wá gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn wá wo bí ìlú ṣe rí látòkè.

10. Bí ẹ bá délé

Ẹ má ṣa fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ yà á. Ìdùnnú ìrìn náà ṣì wà lára yín, gbogbo rẹ̀ ló máa dà bíi pé ó dáa. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ yan díẹ̀, kí ẹ pa èyí tó jọra rẹ́. Ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti apá tí ẹ kọjú sí sínú orúkọ fáìlì, torí iyè á fò, fáìlì ò ní í gbàgbé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta: méjì sórí ohun ìpamọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan síbòmíràn tó jìnnà sílé.

Fóònù sábà máa ń kọ ibi tí ẹ ti ya fọ́tò mọ́ inú fáìlì rẹ̀. Ó wúlò fún yín, torí ẹ ó fi rí ọ̀gangan ibẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀. Kò wúlò fún gbogbo ayé. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà tí ẹ bá fẹ́ fi síta, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú èyí tó jẹ́ tiyín.